Ẹni Tí A Ti Sìn Dé Ẹsẹ̀ Kongchen

Èmi ni mo ṣe alárinà fún Pintso àti Songmit. Èmi náà ni mo ṣe òkú Pintso nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Nítorí ohun méjèèjì yìí ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà bá mi fi iyọ̀ sí i.

Chodup ni orúkọ mi. Abúlé Sangmok ni mo ń gbé, lápá àríwá Sikkim, níbi tí òkè Kongchen ti ń yọjú sí wa lórí òrùlé láràárọ̀ bí kùrukùru bá gbà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí Pintso. Ẹ̀gbọ́n mi kú, ìyá ọmọ náà tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ mi ni ó sì dàgbà sí. Nígbà tí ó tó ọkùnrin, iṣẹ́ ìbaaka ni ó ń ṣe. Òun ló ń mú àwọn àlejò tó bá fẹ́ wo òkè gòkè, òun ló sì ń mú wọn bọ̀. Ó mọ gbogbo ibi mímọ́ tó wà lójú ọ̀nà náà bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀: ìpàdé odò méjì nísàlẹ̀ abúlé, ìsun omi gbígbóná, ihò àpáta àwọn àgbà, àti adágún Dalep tó wà nísàlẹ̀ ibi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò níbẹ̀. Àwa a máa rọra kọjá ni, nítorí ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn òkú wa ń gbà lọ.

Bí ènìyàn bá kú ní Sangmok, a ó pe mun, ìyẹn obìnrin tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Mun á jókòó, á di ojú, á sì máa fi ẹnu sìn ín lọ. Á ní, o ti dé ìpàdé odò. Á ní, o ti dé ibi omi gbígbóná, má dúró wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pe ọ̀nà náà títí ẹ̀mí yóò fi dé ẹsẹ̀ Kongchen lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá. Ẹni tí a bá sìn débẹ̀ kì í padà.

Songmit ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Nimkit bí. Ongden tó jẹ́ bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ó gòkè lọ wá màlúù rẹ̀ kan tó sọnù nígbà tí Songmit jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun àti màlúù kò sì padà. A kò rí òkú rẹ̀. Gbogbo wa bẹ Nimkit kí ó jẹ́ kí mun sìn ín lọ, ó kọ̀. Ó ní ẹni tí òun kò bá fi ojú ara òun rí i pé ó kú, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni pè é ní òkú.

Oko ataare òkè ni Pintso àti Songmit ti bẹ̀rẹ̀. Ataare tiwa yìí tóbi ju ti àwọn ará ilẹ̀ gbígbóná lọ, abẹ́ igi ni ó ń so sí, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì máa yọ̀. Pintso gbé apẹ̀rẹ̀ kún, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, ó ń wo Songmit, ó sì lọ fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Songmit kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n oníbaaka, ṣé àwọn ìbaaka yín ló kọ́ yín ní ìrìn ni?"

Pintso ní, "Ìbaaka tèmi kì í ṣubú. Nǹkan tí mo rí ló gbé mi ṣubú."

"Ẹ kọ́kọ́ dìde nínú ẹrẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ pọ́n ọmọbìnrin lé, ó yẹ kí ó wà lórí ìdúró."

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fẹ́ra lẹ́yìn ìgbà náà. Gbogbo abúlé mọ̀, gbogbo abúlé sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún kẹta, Pintso bá mi níbi tí mo ti ń la ọparun. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ti kó àwọn àlejò yìí gòkè bọ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ rí ìyá Songmit."

Mo ní, "Ìyá yẹn le o. Ṣé o ti ra ìgbóyà tí mo máa mú lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún ìbaaka rẹ̀ ní omi, ó lọ.

Àwọn àlejò padà. Pintso kò bá wọn padà. Wọ́n ní ìbaaka kan dúró sẹ́yìn ní ẹnu àlàfo òkè, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun fẹ́ lọ fà á wá. Bí ó ti yí ẹ̀yìn ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. A wá a fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ wa ń rì sínú yìnyín dé itan, a ń pe orúkọ rẹ̀, ohùn wa kò sì lọ síbi kankan.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Mun Chimit wá bá mi. Arúgbó ni, kì í sọ ọ̀rọ̀ jù. Ó ní ẹ̀mí tí a kò bá sìn a máa padà wá jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, yóò sì máa bá wọn jẹun títí wọ́n á fi gbẹ. Mo gbà pé kí a ṣe é. Songmit gbọ́, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé kò tíì kú."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo kàn mọ̀ ni."

Mo ní, "Bí ìyá rẹ náà ṣe mọ̀ nípa bàbá rẹ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn?"

Ó dìde, ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

A pa adìyẹ, abúlé jẹun. Chimit jókòó, ó sìn ín. Mo gbọ́ tí ó ń pe àwọn ibi tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé adágún Dalep ó dákẹ́ pẹ́, ó tẹ orí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, kí ó tó máa bá a lọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún tí Pintso ti lọ, ní ọ̀sán gangan, à ń tún ọparun afárá ṣe. Àwọn ajá tó wà lójú ọ̀nà dìde. Wọn kò gbó. Wọ́n kàn dìde, wọ́n sì kúrò lọ́nà. Nígbà náà ni mo rí i tó ń bọ̀, ó gbé okùn ìbaaka kọ́ èjìká.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìbaaka yẹn ti wálé?"

Mo na àdá sí ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́. Mo ní, "Dúró síbẹ̀. Ta ni ọ́?"

Ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú àwọn tó kù, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. "Pintso ni, Bàbá."

"Ọjọ́ mélòó ni o lò lókè?"

"Ọjọ́ mẹ́rin. Bí ó pọ̀ jù, márùn-ún."

Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ máa ń hù láàárín ọjọ́ méjì ni Pintso. Àgbọ̀n rẹ̀ dán bí ó ti dán ní òwúrọ̀ tí ó lọ. Gbogbo wa rí i. Songmit ló sáré kọjá láàárín wa, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ fà á sẹ́yìn bí ẹni fa ọmọ kúrò nínú iná.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò jókòó ti Pintso mọ́. Bí ó bá pọn omi, àwọn obìnrin a dúró kí omi náà ṣàn lọ kí wọ́n tó pọn tiwọn. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bá amọ̀nà mìíràn lọ. Òun náà wá ń ṣe iyèméjì nípa ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí a ń jẹ ọbẹ̀ èsìsì, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé mo bọ̀?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ìwọ kọ́ ni mò ń wò yìí?"

"Bí mo bá ń dá rìn, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnìkan ń rìn níwájú mi. Mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ mi ni."

Ó sọ fún Songmit pé kí ó fẹ́ ẹlòmíràn. Songmit fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn èsì tí òun fún un fún mi. Ó ní òun sọ fún un pé, "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró dè ọ́ nígbà tí gbogbo ayé ń jẹ adìyẹ rẹ. Ṣé ìsinsìnyí tí o wà níwájú mi ni kí ó wá sú mi?"

Mo gbé ọtí jéró sínú agbè ọparun, mo lọ sọ́dọ̀ Nimkit. Ọtí yẹn ni ìbéèrè wa. Bí ìyá ọmọ bá mu ún, ó gbà nìyẹn.

Nimkit wo agbè náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nítorí ta ni ẹ ṣe wá?"

"Pintso ni, ìyá Songmit."

"Pintso wo? Ṣé Pintso tí ẹ pa adìyẹ òkú rẹ̀? Mo jẹ itan níbẹ̀, ó dùn. Ṣé kí n wá tún jẹ ti ìgbéyàwó rẹ̀?"

"Àṣìṣe tèmi ni. Ọmọ náà kò kú."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó kú. Ẹ̀yin lẹ tún sọ pé kò kú. Nígbà tí ẹ bá mọ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ padà wá." Ó ti agbè ọtí mi padà sí mi lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà òjò, mo tún lọ. Songmit ti rù. Kì í bá ìyá rẹ̀ jà, ó kàn ń dákẹ́ ni, ìyẹn sì le ju ìjà lọ. Nimkit kò bú mi lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Gbogbo yín sọ pé ẹni tí wọ́n bá sìn lọ kì í padà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó sìn ín lọ lọ mú un bọ̀. Bí ó bá mú un bọ̀ níṣojú mi, mi ò ní bá yín jiyàn mọ́."

A lọ bá Mun Chimit. Ó jókòó lẹ́bàá iná rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán.

Ó ní, "Èmi kì í mú ẹnikẹ́ni lọ. Mo kàn ń fi ẹnu pe ọ̀nà ni. Ọ̀nà tí mo pè é lọ, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín títí dé Dalep. Kí ọmọbìnrin tó fẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí omi, kí ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kí Pintso náà kọ ẹ̀yìn sí omi, kí ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n wá máa bọ̀ nílé. Kí ẹnikẹ́ni má wo ẹ̀yìn. Bí ohùn mìíràn bá sì sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn."

Mo bi í pé, "Ohùn ta ni?"

"Ọjọ́ tí mo ń sìn Pintso, mi ò rí i lójú ọ̀nà. Mo wá a, mi ò rí i. Ẹlòmíràn ni mo bá létí adágún, ó dúró, ó ti pẹ́ tó ti dúró." Ó wo Nimkit.

Nimkit ní òun máa bá wa lọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ bọ́ òun.

Àwa mẹ́rin, èmi, Nimkit àti àwọn ọmọ méjèèjì, ni a lọ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ tó sì dà bí ẹni pé ènìyàn lè na ọwọ́ kan Kongchen. Ní ìpàdé odò, omi funfun àti omi dúdú ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdàpọ̀. A wọ́n ìrẹsì síbẹ̀, a sì gba orí afárá ọparun kọjá. Ẹ̀rù afárá máa ń ba Nimkit. Ó di okùn mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ṣánṣán kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Pintso na ọwọ́ sí i, kò gbà á.

Ní ibi omi gbígbóná, Nimkit jókòó lórí òkúta, ó ní kí Pintso bọ́ aṣọ kí ó wọ inú omi kí òun wò ó. Ó wọ ọ́. Ooru bò ó, ara rẹ̀ pọ́n, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nimkit ń wo òjìji rẹ̀ lójú omi, ó ń wò ó láìṣẹ́jú.

Songmit ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni? Ó ti jinná o."

Èmi rẹ́rìn-ín. Nimkit kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí ó jáde.

Ní ọjọ́ kejì a dé ihò àpáta. Àwọn àsíá àdúrà ti gbó lẹ́nu rẹ̀, omi ń kán láti òkè, òórùn bọ́tà tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń tàn sínú fìtílà sì wà nínú rẹ̀. Pintso dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Ó ní, "Ibí ni mo sùn sí."

Kò sọ ọ́ fún wa rí. A jókòó, ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Nígbà tí yìnyín pọ̀ jù, mo rí iná níbí. Ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀. Ó ní kí n wọlé. Ó ń sun àgbàdo, èmi ló ń fún jẹ, òun kò jẹ. Mo ní kí n máa lọ, ó ní yìnyín kò tíì dá, kí n tún sùn. Mo sùn, mo jí, ó tún ní kí n sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sùn."

Mo ní, "Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, Bàbá. Èéfín máa ń wà láàárín wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń bi mí ṣáá. Ó ní, ṣé wọ́n ti tún afárá odò ṣe? Mo ní wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Tí ó bá tún pẹ́, ó máa tún bi mí. Ó ní ìyàwó òun kì í fẹ́ gun ọparun yẹn, pé Ẹsẹ̀-Adìyẹ ni òun ń pè é."

Ọdún tí Ongden sọnù ni àgbàrá gbé afárá wa lọ. Orúkọ tí Pintso pè yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ rí, láti ẹnu Ongden, nínú ilé rẹ̀, nígbà tí ó ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ wọn gan-an kò mọ̀ ọ́n. Mo wo Nimkit. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Ó dìde, ó jáde lọ síta, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ó padà wọlé, ó ní, "Ẹ dìde, ká máa lọ."

Songmit bi í pé, "Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Òtútù ni."

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹta, a dé Dalep. Kùrukùru bo ojú omi náà débi pé a kò mọ ibi tí omi parí sí. Ohùn kì í dún padà ní Dalep. Òkè yí i ká, síbẹ̀ bí ènìyàn bá pariwo níbẹ̀, bí ẹni sọ òwú sínú kànga ni. Àwọn àlejò a máa dán an wò, wọ́n a sì dákẹ́ fúnra wọn.

Songmit àti Pintso kọ ẹ̀yìn sí omi. Èmi àti Nimkit dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Songmit ní, "Pintso."

"Mo wà níbí."

"Pintso."

"Mo wà níbí."

Songmit mí kanlẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kí Pintso tó la ẹnu, ẹnìkan sọ̀rọ̀ láti inú kùrukùru. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

"Ẹsẹ̀-Adìyẹ, ṣé o ti kọjá?"

Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọdún mọ́kànlá kò lè mú mi gbàgbé ohùn yẹn.

Nimkit ní, "Mò ń bọ̀." Ó dá a lóhùn kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun, ó sì yí padà, ó wọ inú omi. Mo na ọwọ́, aṣọ rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ti dé orúnkún, ó ti dé ìbàdí, kùrukùru sì ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Songmit ké pe ìyá rẹ̀. Pintso yí padà. Mo rí i tó yí padà, mo sì mọ̀ pé gbogbo ohun tí a bá wá ti bàjẹ́. Ó sáré wọ inú omi yìnyín náà, ó lúwẹ̀ẹ́ bá a níbi tí ẹsẹ̀ kò ti tólẹ̀, ó sì gbá a mú. Nimkit ń jà. Ó bù ú jẹ lápá. Ohùn yẹn tún sọ̀rọ̀, ó sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní, "Ṣé o ti kọjá?"

Mo gbọ́ tí Pintso ń sọ láàárín eyín tó ń gbọ̀n pé, "Ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ó wọ́ ọ jáde. Èmi àti Songmit fà wọ́n lórí òkúta, a bọ́ aṣọ lára wọn, a dá iná sábẹ́ àpáta. Ètè Pintso ti di dúdú. Ó ń gbọ̀n débi pé kò lè di ife mú, Songmit ló ń bu omi gbígbóná sí i lẹ́nu. Nimkit jókòó ní òdìkejì iná, ó ń wò ó.

Ó ní, "Wọ́n ní kí o má wo ẹ̀yìn. Kí ló dé tí o fi tẹ̀ lé mi?"

Pintso ní, "Mi ò rò ó. Bí ẹ bá lọ, Songmit á tún jókòó máa dúró de ẹnìkan."

Nimkit bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá da ẹyin iná rú. Ó ń bá èmi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, inú ló ń bí mi. Ẹ sìn ọmọ yín lọ, ó padà. Èmi kọ̀ kí wọ́n sìn ọkọ mi, mo ní ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún un, kò padà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọmọ yìí lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ààyè Ongden ni ó gbà wálé ni."

Songmit lọ jókòó tì í, ó gbé orí lé e léjìká, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Pintso ti padà wálé.

A padà wálé. Mo lọ sọ fún Chimit pé iṣẹ́ tó rán wa bàjẹ́, pé Pintso kò dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì wo ẹ̀yìn.

Chimit ní, "Ó wọ Dalep, ó sì jáde?"

"Ó jáde."

"Òkú kì í jáde níbẹ̀. Kí lo tún fẹ́ kí ó fi ẹnu sọ? Lọ sọ fún Nimkit pé mo ń retí rẹ̀."

Nimkit ti ń bọ̀ lọ́nà kí n tó lọ pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló mú adìyẹ dání. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a péjọ sínú ilé rẹ̀. Songmit jókòó sí apá ọ̀tún. Pintso fẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ó ṣe máa ń ṣe, Songmit fà á wọlé, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lé e.

Chimit di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀nà fún Ongden. Ó pe ìpàdé odò. Ó pe omi gbígbóná. Ó pe ihò àpáta. Nígbà tí ó dé Dalep, ó dákẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu arúgbó náà kì í ṣe tirẹ̀.

"Èmi nìyí. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti kọjá?"

Nimkit ní, "Mo ti kọjá. Mo wà nílé. Wọ́n ti tún afárá ṣe, ó le dáadáa."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti dàgbà. Òun ló wà níbẹ̀ yẹn."

Orí Chimit yí díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀tún, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì. "Ta ló jókòó tì í?"

Songmit di ọwọ́ Pintso mú, mo rí i tí ìka wọn funfun. Nimkit wo Pintso, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wo nǹkan kí ó má baà purọ́ nípa rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ni. O ti bá a pàdé. Má dúró mọ́, máa lọ."

Chimit mí. Ohùn rẹ̀ padà sí tirẹ̀, ó sì ń pe ọ̀nà náà lọ: ẹnu àlàfo òkè, ilẹ̀ yìnyín, ẹsẹ̀ Kongchen. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti dé." Ó béèrè omi, ó mu ún, ó sì lọ sí ilé rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, mo sún mọ́ Nimkit. Iṣẹ́ alárinà kì í ti ènìyàn lójú. Mo ní, "Ìyá Songmit, ọjọ́ wo ni kí n gbé ọtí wá?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọkọ mi tán ná, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì sun ún rí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sunkún, a ń gbọ́ ọ láti ojú odò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Songmit wá bá mi níbi tí mo ti ń la ọparun. Ojú rẹ̀ wú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ó ní, "ìyá mi ní kí ẹ máa bọ̀."